Ta Ni Igba Ènìyàn Náà? Ìtàn Iṣẹ́ Abiyamọ ní Bantè àti Savalou

Ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu babaláwo, lẹ́nu fadá, lẹ́nu ọ̀gá ilé-ìwé, àti lẹ́nu olóṣèlú tó ń wá ìbò ní Gouka, lágbègbè Bantè. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n Bantè ni wọ́n bí mi sí, Savalou ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, ọmọ alágààrí sì ni mí. Mo fẹ́ ká jókòó ka igba ènìyàn náà. Ká mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ká mọ ọjọ́ orí wọn, ká mọ ohun tí wọ́n pàdánù, ká sì béèrè ẹni tó san owó iṣẹ́ wọn. Ìdí tí mo fi fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé lónìí, bí ọmọbìnrin kan bá bímọ lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn ènìyàn á máa wò ó bí ẹni tí ìfẹ́ ọmọ àti ìfẹ́ owó ń jà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní kó yan ọ̀kan. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí yóò bá a mú ọmọ dání ló ń wá.

Kí n sọ ibi tí mò ń sọ. Bantè àti Savalou wà ní ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ẹkùn tí wọ́n yọ kúrò lára Zou ní 1999. Ìṣà ni àwa ará Bantè, Yorùbá tiwa la sì ń sọ. Savalou ni ààfin Gbaguidi, ọba àwọn Màhí, ṣùgbọ́n àwọn Ìṣà àti àwọn Ifẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Savalou náà, ní apá Doumè àti Tchetti. Ọ̀nà ọ̀dà kan ló so àwa méjèèjì pọ̀. Ó ti Dassa wá, ó gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou. Nígbà ìkànìyàn 2013, ènìyàn 107,181 ló wà ní Bantè, ènìyàn 144,549 ní Savalou. Iṣu ni ògo wa, ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni Savalou sì ń ṣe ọdún iṣu. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, òwú àti kajú ló tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ìyá ìyá mi ń bímọ, kò sí ẹni tó ń bi abiyamọ bóyá yóò ṣiṣẹ́ ni tàbí yóò jókòó ti ọmọ. Ọmọ wà lẹ́yìn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́. Ó ń ran òwú, ó ń pa ẹ̀pà, ó ń se irú, ó ń ru iṣu bọ̀ láti oko. Bí ọmọ bá ké, yóò tú ọ̀já, yóò yí ọmọ síwájú, ọmú á bọ́ sẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ á dúró díẹ̀. Iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe nígbà náà ní sùúrù fún ọmọ. Òwú tí kò ran tán lónìí ń bẹ níbẹ̀ lọ́la, kò sì sí ọ̀gá kankan tó ń wo aago. Ohun tí àwọn tó fẹ́ràn ìgbà àtijọ́ máa ń rántí nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Ohun tí wọn kì í rántí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ti wúwo, tí oòrùn bá mú, tí iṣẹ́ oko kò sì gba ẹrù lẹ́yìn mọ́. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi òrí, wọ́n á tẹ́ ọmọ sí i. Eèrà ń bẹ, ejò ń bẹ, ọmọ kò sì gbọdọ̀ wà ní òun nìkan. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ẹni náà kì í ṣe bàbá, kì í sì í ṣe ìyá. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni, tí yóò máa lé eṣinṣin, tí yóò pọn ọmọ nígbà tó bá ké, tí ẹsẹ̀ ìkókó yóò sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́lẹ̀ nítorí pé ẹni tó pọ̀n ọ́n kò ga. Bí ìyá kò bá ní ọmọbìnrin tó tó bẹ́ẹ̀, yóò lọ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò rẹ̀ wá. Ọmọ tí wọ́n mú wá yìí di ọmọ ilé. Yóò jẹun níbẹ̀, yóò dàgbà níbẹ̀, yóò kọ́ ọjà títà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí ìtọ́jú rere, n kò ní purọ́ mọ́ àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n nítorí ìkókó ni wọ́n ṣe lọ mú un.

Ẹnìkejì ni ìyá àgbà. Bí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n lè gbé e lọ bá a, kó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́ ti oko àti ti oyún tó ń bọ̀. Ẹnìkẹta ni orogún. Ẹni tí oúnjẹ kàn lónìí kò ní lọ sóko, gbogbo ọmọ agbo ilé ló wà lójú rẹ̀. Nígbà tí mo kà wọ́n dé ibí yìí, mo rí i pé igba ènìyàn náà kò pé igba. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ìyá arúgbó kan, àti ìyàwó ilé tí oúnjẹ kàn. Obìnrin ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó sanwó fún wọn, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n ní ohun mìíràn í ṣe.

Nígbà tí Faransé gba ilẹ̀ wa, owó ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Owó orí bẹ̀rẹ̀ ní Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ní 1899, fáráǹkì ni wọ́n sì ń gbà. Wọn kò gba iṣu. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wá owó náà ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn sì ń ṣe iṣẹ́ tipátipá títí òfin 1946 fi fòpin sí i. Reluwé tó ti Kútọnu ń bọ̀ dé Ṣábẹ̀ ní 1911. Ó gba Dassa kọjá, kò yà sí Savalou, kò sì dé Bantè. Orí obìnrin ni reluwé tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹrù fún àwọn oníṣòwò tó wà lẹ́bàá reluwé ní láti rù ú débẹ̀, ìrìn náà sì jìnnà ju ohun tí ènìyàn lè pọn ọmọ rìn pẹ̀lú ẹrù lórí. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nílé nígbà tí ìyá bá lọ wá owó.

Mo fẹ́ dúró lórí gààrí díẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni mo ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀. Brazil ló ti wá, àwọn tó sì ti oko ẹrú ibẹ̀ padà sí Ouidah àti Àjàṣẹ́ ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n gààrí ká etíkun. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn obìnrin Savalou sọ ọ́ di tiwọn. Gààrí Sohoui ti Savalou kúná, ó gbẹ, ó sì ń dún lẹ́nu. OAPI, àjọ tó ń dáàbò bo ohun-ìní ọpọlọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti Yaoundé, ti fún un ní àmì ẹ̀rí pé ti Savalou ni, kí ará ibòmíràn má baà fi orúkọ rẹ̀ ta tirẹ̀. Inú mi dùn sí àmì ẹ̀rí náà. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Màmá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lálẹ́. Ó ń rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu títí tí ara rẹ̀ fi dà bí ẹ̀gún, ìka rẹ̀ sì máa ń bó mọ́ ọn. Ó ń kó èyí tó rin sínú àpò, ó ń gbé òkúta lé e, á wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi kan, tí omi rẹ̀ yóò sì ro tán. Ó ń fọ́ ọ, ó ń jọ̀ ọ́. Títí dé ibẹ̀, ọmọ lè wà lẹ́yìn. Yíyan ni kò gba ọmọ. Ààrò náà ń rú èéfín, agbada gbóná, oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ sì ń bá oru rẹ̀ gòkè sí ojú ẹni tó ń yan án. Ojú ìkókó á pọ́n, á máa wúkọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ yíyan, èmi ni mo ń pọn àbúrò mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Olùkọ́ wa kò ní láti béèrè ibi tí mo wà. Bó bá ti rí èéfín ní agbo ilé wa, ó mọ̀ pé ìjókòó mi yóò ṣófo. Èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú igba ènìyàn yẹn, mo sì mọ bí ẹ̀yìn ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe ń ro ó.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìrin gààrí dé, èyí tó ń mu epo. Ohun tí Màmá ń fi gbogbo alẹ́ rin, ẹ̀rọ rin ín kí ó tó jókòó dáadáa. Gbogbo wa dúpẹ́, ìka rẹ̀ sì jinná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò wá sí agbo ilé wa. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n gbé e sí, lábẹ́ àtíbàbà, obìnrin ogún sì tò síbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wọn. Bó bá kan ọ, o gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí o bá lọ fún ọmọ lọ́mú, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú. Iṣẹ́ tó ti ní sùúrù fún ọmọ tẹ́lẹ̀ ti wá ní ìdúró àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Mo gbà pé ìyàtọ̀ yìí tóbi ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ. Kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba ló kọ́kọ́ ya ìyá àti ìkókó wa sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ kékeré ẹ̀bá ọ̀nà ti ṣe é kí ọ̀pọ̀ obìnrin wa tó mọ ohun tí owó oṣù ń jẹ́.

Ní ti owó oṣù, òfin ti wà fún un tipẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1952, ilé aṣòfin Faransé ṣe òfin iṣẹ́ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ní òkè òkun. Ó fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, ó sì fún un ní wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú títí ọmọ yóò fi pé oṣù 15. Òfin iṣẹ́ tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 1998 kò mú ọ̀sẹ̀ 14 náà kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kò mú wákàtí ọmú kúrò. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ta ló wà lábẹ́ rẹ̀ ní 1952 ní Bantè? Ẹni tó bá gba ìwé iṣẹ́ nìkan. Alágààrí kò gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi gba ìwé iṣẹ́. Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́ ní àwọn ọdún 1980, mo jókòó sílé ní Savalou fún ọ̀sẹ̀ 14 náà, owó mi sì wọlé. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ilé-ìwé náà jìnnà sí ilé, wákàtí ọmú kò sì lè gbé mi lọ gbé mi bọ̀. Màmá mi ló ti Bantè wá. Ó gbé ọmọ wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, mo fún un lọ́mú lábẹ́ igi, ó sì gbé e padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ọmọ fi já ọmú. Ní gbogbo àkókò yẹn, Màmá kò yan gààrí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà Glazoué, tí ó ń lọ ní gbogbo Ọjọ́rú, bá ẹlòmíràn lọ. Èmi ń gba owó oṣù, òun kò gba nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí olùkọ́ obìnrin ìgbà náà ṣe rọ́nà ṣe iṣẹ́ ìjọba, èsì mi ni pé gààrí tí ìyá rẹ̀ kò yan mọ́ ló sanwó rẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìyá rẹ̀ lè wá bá. Nínú ilé ọ̀pọ̀ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nígbà náà, ọmọdébìnrin kan ń bẹ tó ti abúlé wá, tó ń fọ abọ́, tó ń pọn ọmọ. Vidomègon ni àwọn Fọ̀n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà nílé-ìwé, ọmọ ọlọ́mọ mìíràn sì ń pọn ọmọ tirẹ̀ nílé láì mọ ìwé kà. Mo ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dùn mí títí di òní.

Àwọn Yorùbá tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 bá ọ̀rọ̀ kan náà pàdé, wọn kò sì rí ibi sá sí. Ọkọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, yàrá kan ni wọ́n ń gbé, kò sí ìyá àgbà, kò sí ọmọ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ìdílé tí yóò gba ọmọ àwọn tọ́, wọ́n sì ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló gbé ilé òyìnbó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì gbọ́ Yorùbá mọ́ nígbà tí òbí wọn wá mú wọn. Ní ojú àwọn òbí náà, àṣà ìgbàtọ́ tí wọ́n bá nílé ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí iye owó ọwọ́ tó ń mú ọmọ wà nínú ìwé, gbogbo ènìyàn rí i. Ní Bantè, owó náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó kàn fara pamọ́ sẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí ìjọba tó gbé ẹrù yìí ní abúlé wa. Ọ̀gá ológun Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1972, orílẹ̀-èdè di Bẹ̀nẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá 1975, ètò ilé-ìwé tuntun sì jáde ní ọdún kan náà. Nínú ohun tó tẹ̀ lé e ni àwọn ilé ìtọ́jú ọmọdé tí wọ́n ń pè ní CESE, Centre d'éveil et de stimulation de l'enfant. Wọ́n wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èdè ìbílẹ̀ ni wọ́n sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan. Ó ń kọ́ wọn ní orin Ìṣà, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ka nǹkan pẹ̀lú èso, ó ń wẹ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jẹun, àwọn ìyá wọn sì wà lóko láìfòyà. Ohun púpọ̀ ló wà nínú ìjọba àyípadà yẹn tí n kò fẹ́ kó padà wá. Àwọn ènìyàn kò lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n, àwọn kan sì lọ sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ìyẹn mú mi gbàgbé àgọ́ ọmọdé náà. Ó gba ọmọ ọdún mẹ́ta sókè, kò gba ìkókó, síbẹ̀ ó gbé nǹkan kúrò lẹ́yìn ọmọbìnrin kékeré, ó gbé e lé àgbàlagbà tó ń gba nǹkan fún un.

Kò pẹ́. Ní 1988 àti 1989 ìjọba kò rí owó oṣù san fún àwa òṣìṣẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé àti IMF bẹ̀rẹ̀, àpérò gbogbogbò ti oṣù Kejì 1990 sì yí ìjọba padà. A gba òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn àgọ́ ọmọdé abúlé kò sì rí ẹni tí yóò máa bọ́ wọn mọ́. Ìjọba kò gba olùkọ́ tuntun, ló bá di pé àwọn òbí ń wá olùkọ́ fúnra wọn, wọ́n ń dá owó jọ fún un. Àwọn ọmọbìnrin tó ní BEPC, ìwé ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́ ilé-ìwé girama, ni púpọ̀ nínú wọn. Owó wọn kò tó nǹkan, wọn kò sì ní ìwé iṣẹ́, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ 14 fún wọn. Bí ọ̀kan bá bímọ, ó ní láti yàn: kó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìkókó lẹ́yìn, kó máa kọ́ kíláàsì, tàbí kí ẹlòmíràn gba àyè rẹ̀. Mo ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìwé kan náà. Mo rí èyí tó ń fi ọwọ́ kan kọ̀wé sójú pátákó, tó ń fi ọwọ́ kejì gbá ìdí ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.

Ní àsìkò kan náà ni ohun tó dára jù lọ tí mo rí nínú iṣẹ́ mi ṣẹlẹ̀. Ní 1993 ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò fún àwọn ọmọbìnrin ìgbèríko. Ní 2006 wọ́n mú un kúrò fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ọdún náà gan-an sì ni òfin tó ń dènà gbígbé ọmọ láti ibìkan sí ibòmíràn lọ́nà àìtọ́ jáde. Àwọn ọmọbìnrin wọ kíláàsì mi. Mo ń pe orúkọ láàárọ̀, wọ́n ń jẹ́ ẹ, àní lọ́jọ́ yíyan gààrí. Láti 2017, ètò oúnjẹ ọ̀sán tún mú kí wọ́n dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá bi mí bóyá kí wọ́n padà sẹ́yìn ilé lọ pọn ọmọ, ìdáhùn mi ni rárá, n kò sì ní ṣe àlàyé lé e.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọ̀kan nínú igba ènìyàn lọ sí ilé-ìwé kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyá àgbà náà kò sí nílé mọ́. Ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu tàbí ní Èkó láti gba ìkókó ibẹ̀ mú, tàbí ó ń tajà fúnra rẹ̀ nítorí kò sí ẹni tó ń bọ́ ọ. Orogún kan wà ní Ṣábẹ̀, èkejì wà ní Bantè, agbo ilé kan kò pa wọ́n pọ̀ mọ́. Gbogbo ẹrù náà ti bọ́ sórí ìyá kan ṣoṣo. A wá ń wò ó, a ń bi í pé kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́, tàbí kí ló dé tí ó fi ọmọ sílẹ̀.

Aládùúgbò mi kan, ọmọbìnrin tí mo kọ́ níwèé, gba iṣẹ́ ní Parakou níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kajú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n kó kajú tí wọn kò tíì fọ́ jáde nílẹ̀ wa mọ́, wọ́n ní kí iṣẹ́ náà máa wà fún ọmọ wa, ní Parakou, ní Glo-Djigbé àti níbòmíràn. Mo fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ wa ni kajú ti ń so, ó tọ́ kí owó rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèpo kajú ní òróró kan tó ń jó ara bí iná. Àwọn tó ń fọ́ ọ ń wọ ìbọ̀wọ́ tàbí wọ́n ń fi eérú àti òróró pa ọwọ́. Kò sí ọ̀gá tó ní làákàyè tó máa jẹ́ kí ìkókó wà nítòsí rẹ̀. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n sì fi ń sanwó fún aládùúgbò mi yìí, nítorí náà wákàtí ọmú tí òfin fún un jẹ́ wákàtí tí kò fọ́ nǹkan kan. Nígbà tó bímọ, ó jókòó pẹ̀lú mi, a ṣírò rẹ̀ lórí ìwé. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 40,000 fáráǹkì sẹ́fà tẹ́lẹ̀, ó di 52,000 ní oṣù Kìíní 2023. A yọ owó yàrá, a yọ owó zémi, ìyẹn alùpùpù akérò, a yọ owó oúnjẹ, a yọ owó ẹni tí yóò mú ọmọ. Ohun tó kù kò tó ohun tí gààrí ń mú wá ní Bantè ní oṣù tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀. Ó padà sílé. Ẹlòmíràn tí wọ́n jọ lọ dúró sẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní Parakou. Àwọn méjèèjì ṣe ohun tó tọ́. Ẹni tó padà kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹni tó dúró kì í ṣe ọ̀dájú. Ìyá ọkọ kan ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn.

Olùkọ́ ni ọmọ tèmi lónìí, ó wà lára àwọn tí ìjọba ń pè ní aspirants láti 2019, tí àdéhùn iṣẹ́ wọn jẹ́ onígbà-díẹ̀. Òfin iṣẹ́ 2017 sì gba agbanisíṣẹ́ láyè láti máa tún àdéhùn onígbà-díẹ̀ ṣe láìní òpin. Fún ọ̀dọ́bìnrin, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ní láti lé e nígbà tó bá lóyún. Wọ́n kàn lè má tún àdéhùn náà ṣe ni. Èmi ni mo ń mú ọmọ tí ọmọ mi bí dání. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, mo sì mọ̀ pé mo ní owó ìfẹ̀yìntì tó ń jẹ́ kí n lè jókòó. Àwọn ìyá àgbà tó yí mi ká kò ní in.

Ní ibi ẹ̀rọ ìrin gààrí kan lẹ́bàá ọ̀nà wa, ẹgbẹ́ obìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan tí inú mi dùn sí ju àmì ẹ̀rí Yaoundé lọ. Lọ́jọ́ yíyan, ọ̀kan nínú wọn kì í dúró ti agbada. Ó jókòó sábẹ́ igi tí èéfín kò dé, ó ń mú ọmọ gbogbo wọn, àwọn ìyá sì ń wá fún ọmọ lọ́mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí pé ẹnikẹ́ni gba àyè wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, olúkúlùkù ń wọn tongolo gààrí kan fún un, kò sì sí ẹni tó ń kùn. Ní ọjọ́ mìíràn, ó kan ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n fẹ́ báyìí ni kó má jẹ́ abẹ́ igi mọ́, nítorí òjò. Wọ́n ní kí n bá wọn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀, olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa, mo sì kọ ọ́ ní Faransé àti ní Yorùbá. Wọ́n béèrè òrùlé páànù, ẹní, omi ẹ̀rọ, àti obìnrin méjì tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò gbà síṣẹ́ láti máa mú ọmọ ní ọjọ́ gbogbo. Wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ kí n kọ pé kí wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ohunkóhun tó bá wà. Mo sọ fún wọn pé rárá. Mo kọ 52,000 fáráǹkì sí i, mo sì fi kún un pé kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní CNSS, àjọ ètò ààbò òṣìṣẹ́, kí àwọn náà lè gba ọ̀sẹ̀ 14 tiwọn nígbà tí wọ́n bá bímọ.